Ṣé ihò inú ògiri ni oyin ń wá, àbí ilẹ̀ tí a kò fi kọnkéré bò?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ dákun, mo fẹ́ kọ́ ilé sí etí oko wa. Apá kan fún gbígbé, apá kan fún kíkó irè sí. Ayàwòrán ilé ti gbé àwòrán wá, ó sì dùn ún wò: búlọ́ọ̀kù oníhò lára ògiri kí oyin lè máa gbé ibẹ̀, koríko àti òdòdó lórí òrùlé, àpótí oyin mẹ́rin lókè pátápátá. Ó ní èso oko á pọ̀ sí i. Bàbá ọkọ mi wo àwòrán náà títí, wọ́n ní òfò ni, pé oyin ti ń kọ́lé fúnra rẹ̀ kí wọ́n tó bí ẹni tó ń yàwòrán. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Ẹ má fi ọ̀rọ̀ dídùn dá mi lóhùn o.

* * *

Ẹ gba ti bàbá ọkọ yín lórí ọ̀rọ̀ ògiri, kí ẹ sì gba ti ayàwòrán lórí pé ilé lè ran oko lọ́wọ́. Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ni mo bá a jà sí. Òkè ló ti bẹ̀rẹ̀, ìsàlẹ̀ sì ni iṣẹ́ wà.

Irú oyin tó wà láyé tó nǹkan bí 20,000. Èyí tí à ń gé afárá rẹ̀, tó ń gbé lọ́gọ̀ọ̀rọ̀ lábẹ́ ìyá kan, ìwọ̀nba ni nínú wọn. Púpọ̀ jù nínú àwọn tó kù ló ń dá gbé: abo kan á wá ihò tirẹ̀, á kó lẹ́búlẹ́bú òdòdó sí i, á yé ẹyin lé e lórí, á dí ẹnu ihò, á bá tirẹ̀ lọ. Kò ní afárá, kò ní ọmọ ogun, kì í sábà ta ènìyàn. Nínú gbogbo irú oyin, nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń gbẹ́ ihò sínú ilẹ̀. Àwọn tó ń lo ihò igi, pòpórò gbígbẹ tàbí ara ògiri kò tó bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ wá wo àwòrán yín padà. Mo lè fi orí mi ta tẹ́tẹ́ pé intalọ́ọ̀kì ló yí ilé náà ká láti ẹnu géètì dé ẹ̀yìnkùlé. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ayàwòrán yín ti lé èyí tó pọ̀ jù jáde kó tó kí èyí tó kéré káàbọ̀.

* * *

Àwọn òǹkàwé ti ń fèsì sí ohun tí mo kọ sókè yìí, ẹ jẹ́ kí n dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan ń bínú sí mi pé mò ń fojú kéré oyin, pé bí oyin bá kú tán, ebi á pa aráyé run. Àwọn kan ní ìdàkejì: àgbàdo làwọn ń gbìn, kí ló kan àwọn?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi òǹkà sọ ọ́. Ìròyìn IPBES, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìmọ̀ nípa ohun abẹ̀mí, tó jáde ní 2016 sọ pé nínú irú ohun ọ̀gbìn pàtàkì tí aráyé ń jẹ, ó ju ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún lọ tó gbára lé ẹranko tàbí kòkòrò tó ń gbé lẹ́búlẹ́bú láti òdòdó kan dé òmíràn kí ó lè so, ó kéré tán dé àyè kan. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé irè náà sórí ìwọ̀n, irú àwọn ọ̀gbìn bẹ́ẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá 35 lọ nínú gbogbo irè. Ìdí ni pé àwọn tó ń kún àká kò retí kòkòrò: afẹ́fẹ́ ló ń bá àgbàdo gbé lẹ́búlẹ́bú rẹ̀, ìrẹsì àti àlìkámà sì sábà máa ń ṣe é fúnra wọn. Ebi kọ́ ló máa kọ́kọ́ dé. Èso, ẹ̀fọ́ àti àwọn irúgbìn olóròóró ni yóò kọ́kọ́ wọ́n.

Nítorí náà, kí ni ẹ gbìn? Ìbéèrè yìí ló yẹ kí ayàwòrán yín kọ́kọ́ bi yín. Bó bá jẹ́ ẹ̀gúsí, elégédé tàbí kùkúńbà, òdòdó akọ yàtọ̀, òdòdó abo yàtọ̀. Bí kòkòrò kankan kò bá lọ láàrin wọn, èso kò sí. Bó bá jẹ́ kòkó, oyin gan-an kọ́ lẹ ń wá. Kòkòrò tíntìntín bíi kantíkantí ló ń bá a ṣe é, inú ewé jíjẹrà àti èèpo kòkó tó ń rà nílẹ̀ ló sì ń bí sí. Ẹni tó bá gbá abẹ́ kòkó mọ́ fínnífínní kí ilé rẹ̀ lè dára nínú àwòrán ti ba ilé kòkòrò náà jẹ́. Ní ti ọ̀pẹ, kòkòrò kékeré kan tó ń gbé ara òdòdó rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Ní Malaysia, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é fún ọ̀pẹ wọn títí wọ́n fi kó kòkòrò yẹn wá láti Kamẹrúùnù ní 1981. Owó iṣẹ́ púpọ̀ ló lọ sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, kò sì sí búlọ́ọ̀kù oníhò kankan nínú ọ̀rọ̀ náà.

* * *

Ó dáa, búlọ́ọ̀kù oníhò. Ẹnì kan fi àwòrán Brighton ránṣẹ́ pé, “Ṣebí òyìnbó ti fi sófin?”

Òótọ́ ni. Brighton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí wọ́n máa fi búríkì oníhò sí ilé tuntun tó bá ga ju mítà 5 lọ. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ kòkòrò kan ti kùn sí i: ihò náà kò jìn tó, bí ẹnikẹ́ni kò bá sì lè nù wọ́n, àrùn àti kòkòrò tó ń yọ oyin lẹ́nu á máa jogún wọn láti ọdún dé ọdún. Ní Toronto, Kánádà, pẹ̀lú, wọ́n gbé àpótí oníhò kalẹ̀ káàkiri ìlú fún ọdún mẹ́ta, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2015. Nínú oyin àti agbọ́n tó ju 27,000 lọ tí wọ́n kà, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin jẹ́ oyin tó ti ilẹ̀ mìíràn wá. Agbọ́n ilẹ̀ wọn sì wà nínú nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn àpótí náà lọ́dọọdún.

Kí ẹ tó pariwo agbọ́n: èyí tó ń dá gbé kì í gbógun ti ènìyàn. Ìdin àti kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń jẹ ewé ló ń pa fún ọmọ rẹ̀ jẹ. Àgbẹ̀ tó bá ní in kò pàdánù.

Bí ọkàn yín bá ṣì ń fà sí ihò, ẹ ṣe é kó ṣeé yọ. Ní kí bíríkìlà fi àyè sílẹ̀ lára ògiri bíi ti kọ́bọ́ọ̀dù tí kò ní ilẹ̀kùn, lábẹ́ etí òrùlé kí òjò má bàa wọ̀ ọ́, kó kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ. Inú ibẹ̀ lẹ ó to pòpórò tàbí ìtì igi tí ẹ lu sí. Kí ihò rẹ̀ wà láàrin mìlímítà 2 sí 10 ní fífẹ̀, kó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15, kí ìdí rẹ̀ dí, kí ẹnu rẹ̀ má ní ẹ̀gún igi tó lè fa ìyẹ́ ya. Ẹ pààrọ̀ àwọn pòpórò náà nígbà tí àwọn ọmọ bá ti jáde tán. Ohun tí kò bá ṣeé pààrọ̀, ẹ má mọ ọ́n mọ́ ògiri.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì látijọ́, wọ́n máa ń fi irú àyè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lára ògiri ọgbà, wọ́n á wá gbé agbọ̀n oyin tí wọ́n fi koríko hun sí i kí òjò má pa á. Ògiri dúró, agbọ̀n ń wọlé, agbọ̀n ń jáde.

* * *

Ẹni tó ní “ilé amọ̀ lẹ bá kọ́, gbogbo ìṣòro á tán” sọ̀rọ̀ gidi, ó kàn fa á jù ni. Oyin kan wà tó fẹ́ràn ògiri amọ̀ gbígbẹ, pàápàá èyí tí oòrùn ń pa. Ihò tó ń gbẹ́ kì í sábà jìn débi tí ògiri á fi wó. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ògiri àtijọ́ tí ojú rẹ̀ ti ń rì, tí òjò sì ń nà án, ihò lórí ihò á di wàhálà, ẹni tó ń sùn nínú ilé kò sì ní í bá yín ṣeré.

Èmi á kúkú kọ́ ògiri amọ̀ kékeré kan lọ́tọ̀, kó má ju ìbàdí lọ, létí ọgbà, kó ní òrùlé tirẹ̀ lórí. Kẹ́ ẹ má fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ. Bó bá bàjẹ́, omi àti ọwọ́ lẹ fi máa tún un ṣe.

* * *

Òǹkàwé mìíràn ké sí mi: “Oyin ńlá dúdú kan ti lu gbogbo igi àjà wa, ẹ sì ń pè é wálé!”

Mo gbọ́ yín. Igi gbígbẹ tó rọ̀, tí wọn kò kùn, ni oyin yẹn ń wá. Ẹ ní kí kápẹ́ńtà kun igi tó bá yọ síta, pàápàá etí àti ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì gbé ìtì igi òkú kan sí òpin oko kó rí ibi lọ. Ẹ má wulẹ̀ fín in pa. Nínú àwọn tó ń bá òdòdó èso páṣọ̀nù (passion fruit) ṣiṣẹ́, òun ni alágbára wọn.

* * *

Òrùlé. Ibí yìí ni owó yín máa lọ sí, nítorí náà ẹ jókòó dáadáa.

Òrùlé koríko fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ máa ń ní iyẹ̀pẹ̀ tó jìn láti sẹ̀ǹtímítà 5 sí 15. Bí òjò bá rin ín gbingbin, mítà kan níbùú lóròó lè wọn nǹkan bíi kìlógíráàmù 100, òmíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òrùlé páànù lórí igi kò lè gbé e. Ó di dẹ́ẹ̀kì kọnkéré, ó di irin sí i, ó di ohun tí omi kò lè gbà kọjá, ó di ìpìlẹ̀ tó nípọn. Ẹ bi ẹnjiníà kí ẹ tó bi ẹlòmíràn.

Mi ò sọ pé kò wúlò. Ní Basel, Siwitsalandi, ó ti di dandan láti 2002 pé kí òrùlé pẹrẹsẹ tuntun ní ewéko. Wọn kò fi mọ sí koríko lásán: wọ́n ní kí iyẹ̀pẹ̀ ga níbì kan, kó rẹlẹ̀ níbòmíràn, nítorí oríṣiríṣi kòkòrò ló ń fẹ́ oríṣiríṣi ilẹ̀. Ní Utrecht, Nẹ́dálándì, wọ́n gbin ewéko sórí òrùlé ibùdó bọ́ọ̀sì tó ju 300 lọ ní 2019. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ìlú ni gbogbo wọn. Ilẹ̀ ti tán mọ́ wọn lọ́wọ́ ni wọ́n fi gun òkè. Ìwádìí lórí òrùlé ní Toronto náà sì fi hàn pé bí ilé bá ṣe ń ga sí i ni oyin tó ń wá kọ́lé síbẹ̀ ń dínkù.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ilẹ̀ nísàlẹ̀, kí lẹ ń gbé e gun òkè fún? Iṣẹ́ mìíràn ni kí ẹ fún òrùlé yín, ìyẹn gbígba omi. Òjò mìlímítà kan lórí mítà kan níbùú lóròó jẹ́ lítà kan. Òrùlé tó gùn ní mítà 20, tó fẹ̀ ní mítà 10, bí òjò mìlímítà 20 bá rọ̀ lé e, lítà 4,000 nìyẹn. Ẹ yọ bí ìdá kan nínú márùn-ún kúrò fún èyí tó ta dànù. Ìyókù tó fi bomi rin òdòdó kí ó lè máa tanná nígbà tí gbogbo ìgbẹ́ bá ti gbẹ. Àkókò yẹn gan-an ni ebi máa ń pa àwọn kòkòrò òdòdó. Ẹ bo ẹnu táǹkì kí ẹ̀fọn má sọ ọ́ dilé. Kí èyí tó bá ṣàn lé táǹkì lórí máa kán sí ojú ilẹ̀ amọ̀ kan: ọ̀pọ̀ oyin àti agbọ́n ló nílò amọ̀ tútù láti fi kọ́lé, wọ́n sì nílò omi tí kò jìn, tí òkúta yọrí nínú rẹ̀ kí wọ́n má bàa kú sínú omi.

* * *

Àpótí oyin mẹ́rin lókè ńkọ́? Àwọn tó ń sin oyin ti pín sí méjì lórí èyí, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jà.

Àwọn kan ní òkè dára nítorí oyin á máa fò kọjá lókè orí ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àpótí tó bá kún lè ju kìlógíráàmù 20 lọ, ẹ ó sì gbé e sọ̀kalẹ̀ lórí àkàbà, pẹ̀lú aṣọ bámúbámú lọ́rùn, nínú oòrùn, nígbà tí inú ń bí oyin. Ẹ gbé wọn sílẹ̀. Ẹ kọjú ẹnu wọn sí ọgbà tàbí ògiri tó ga tó mítà 2. Wọ́n á fò gòkè kí wọ́n tó fò síta, ẹni tó ń kọjá kò ní í kàn wọ́n.

Ní Slovenia, ilé gidi ni wọ́n ń kọ́ fún àpótí oyin. Ojú àwọn àpótí ni ògiri iwájú, oyin ń ti ibẹ̀ jáde. Ẹni tó ń sìn wọ́n dúró sínú ilé lẹ́yìn, lábẹ́ òrùlé, ó ń ṣí wọn látẹ̀yìn. Bí ayàwòrán yín bá ń wá nǹkan tí yóò fi ṣe fáàrí, ẹ ní kó ya irú ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ohun ọ̀sìn ni oyin inú àpótí, bíi màlúù. Bí òdòdó kò bá pọ̀, bí ẹ bá ṣe ń fi àpótí kún àpótí ni ẹ ń gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn oyin ìgbẹ́. Ẹ gbin òdòdó ná.

* * *

Ẹnikẹ́ni kò tíì dárúkọ oògùn ikán. Ó yà mí lẹ́nu.

Kí wọ́n tó da kọnkéré ìpìlẹ̀, ọ̀pọ̀ kọ́ńtírákítọ̀ ló máa ń da oògùn ikán sínú ilẹ̀ yí ilé ká. Nínú àwọn tí wọ́n ń lò ni imidacloprid àti fipronil. Imidacloprid yìí wà lára àwọn mẹ́ta tí àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin dè ní 2018 pé wọn kò gbọ́dọ̀ lò ó lóko gbangba mọ́ nítorí oyin. Ẹ wá rò ó wò: ẹ fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún oyin tó ń gbẹ́lẹ̀, ẹ sì ti da májèlé sí ilẹ̀ yẹn kan náà. Ìyẹn burú ju kọnkéré lọ, nítorí kọnkéré kò tan ẹnikẹ́ni wọlé.

Ọ̀nà mìíràn wà. Nẹ́ẹ̀tì irin tí kò lè dípẹtà, tí ojú rẹ̀ kéré débi tí ikán kò lè gbà á. Òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n ṣẹ́ ní ìwọ̀n tí ikán kò lè gbé, tí kò sì fi àyè sílẹ̀ fún un láti gbà kọjá. Ìdérí irin lórí òpó. Ó lè gbówó lórí díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí owó rẹ̀, tí oògùn náà di dandan, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ oyin jìnnà sí ìpìlẹ̀.

Kí yàrá tí ẹ ń kó oògùn oko sí náà má bá táǹkì pín ògiri. Kí omi tí wọ́n fi fọ ẹ̀rọ ìfín má ṣàn lọ síbi tí kòkòrò ti ń mu.

* * *

Iná. Ìwádìí kan ní Siwitsalandi, tó jáde ní 2017, fi iná òpópónà tan pápá tó máa ń ṣókùnkùn. Ìbẹ̀wò tí kòkòrò ń ṣe sí òdòdó lóru dínkù ní ìdá 62 nínú ọgọ́rùn-ún, èso ewéko tí wọ́n wò sì dínkù ní ìdá 13, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tọ̀sán ń ṣiṣẹ́ wọn. Bí ayàwòrán bá to gílóòbù yí ilé yín ká, ẹ ní kó yọ ìdajì wọn. Kí ìyókù ní ìbòrí tó kọjú sílẹ̀, kó máa tàn nígbà tí ènìyàn bá ń kọjá nìkan.

* * *

Ẹni tó béèrè bóyá oyin lè ṣiṣẹ́ nínú ilé ọ̀rá tó fi ń gbin tòmátì: ìbéèrè yín yà díẹ̀, àmọ́ ó tọ́ sí ìdáhùn. Oyin afárá kò wúlò púpọ̀ fún òdòdó tòmátì. Òdòdó náà ń fẹ́ kí wọ́n gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì kí lẹ́búlẹ́bú tó bọ́, oyin afárá kò sì mọ̀ ọ́n ṣe. Láti ìparí àwọn ọdún 1980 ni àwọn àgbẹ̀ ní Yúróòpù ti ń ra oyin ńlá onírun fún iṣẹ́ yẹn. Kí ẹ sì wo ọ̀rá tí ẹ fi bo ilé náà. Òmíràn ń dí ìtànṣán tí ojú wa kò rí, tí oyin fi ń mọ̀nà. Abẹ́ irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀, oyin á máa sọnù nínú ilé.

* * *

Olùbéèrè ti padà wá: “Mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ayàwòrán ń bọ̀ lọ́la. Kí ni kí n ní kó yí padà?”

Ẹ ní kó gbé àwòrán ilé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó ya ti ilẹ̀. Kó fi hàn yín ibi tí òdòdó á wà, kó sì wọn bó ṣe jìnnà sí ibi tí kòkòrò á gbé. Oyin afárá lè rìn tó kìlómítà mélòó kan. Ọ̀pọ̀ oyin kéékèèké tó ń dá gbé kì í kọjá ọgọ́rùn-ún mítà mélòó kan. Bí oko yín bá gbòòrò, àyíká ilé nìkan kò lè tó o, ẹ ní láti fa òòró òdòdó àti igi ọgbà wọ àárín oko. Kó to àwọn ohun tí ẹ máa gbìn kí nǹkan kan máa tanná nínú oṣù kọ̀ọ̀kan. Kó gé intalọ́ọ̀kì kù sí ojú ọ̀nà ọkọ̀ àti ti ẹsẹ̀. Kó kọ orúkọ oògùn ikán tó fẹ́ lò sílẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ síwèé. Owó dẹ́ẹ̀kì tí ẹ bá yọ, ẹ fi ra táǹkì àti igi.

“Ilẹ̀ tí mo bá fi sílẹ̀ lásán, ṣé ọ̀gbàrá kò ní gbé e lọ?”

Á gbé e lọ bí ẹ bá fi sílẹ̀ lójú ibi tí gọ́tà ń tú sí. Ẹ yan ibi tí ó rọra da gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́, tí omi kì í dúró sí, tí oòrùn ń bà, tí iyanrìn wà nínú iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀. Kò nílò kó tóbi. Abala mítà méjì sí mẹ́ta láàrin koríko tó ta gbòǹgbò ti tó láti bẹ̀rẹ̀, koríko náà ló sì máa di ilẹ̀ mú. Ẹ má kọ ọ́ ní ọkọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ kàn máa fọwọ́ tu èyí tó bá fẹ́ bò ó pátápátá. Kí ẹ sì sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ oko kí wọ́n má da eérú síbẹ̀.